Eegun ojúgun ọkọ mi kò so, dókítà ní ká lọ ra ohun tí wọ́n máa fi dí i. Ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kadà ló gbá ọkọ mi, ojúgun rẹ̀ ṣẹ́ nísàlẹ̀. Wọ́n fi irin sí i, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, kò so. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní èmi ni mi ò jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Àbúrò rẹ̀ tó ń pariwo jù, kọ́bọ̀ kò tọwọ́ rẹ̀ jáde rí! Dókítà wá ní ká ra nǹkan funfun kan, kọ́lájìn (èròjà rírọ̀ kan tó máa ń wà nínú awọ àti eegun) tí wọ́n pò mọ́ èròjà líle inú eegun, pé iṣan ẹ̀jẹ̀ á gbabẹ̀ hù. Owó rẹ̀ ju owó ilé wa ọdún méjì lọ. Ṣé kì í ṣe gbájú-ẹ̀?

Bàbá Ṣadé: Ewé àti pátákó ni wọ́n fi di apá tèmi. Mo ń fi gbé sìmẹ́ǹtì báyìí.

Àlàbí: Bàbá Ṣadé, apá kọ́ lèèyàn fi ń rìn.

Bàbá Ṣadé: Ta ló bi ẹ́?

Nọ́ọ̀sì Tólá: Kì í ṣe gbájú-ẹ̀, mà. Èròjà eegun nìkan á máa fọ́ bíi ṣọ́ọ̀kì, kọ́lájìn nìkan á rọ̀ jù, ni wọ́n ṣe pò wọ́n. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, torí sẹ́ẹ̀lì eegun tó bá fi bíi 0.2 mílímítà jìnnà sí ẹ̀jẹ̀, kíkú ló ń kú. Ìsàlẹ̀ ojúgun ò sì lẹ́ran lára, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò pọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè bù lára eegun ìbàdí rẹ̀ dípò. Òun ni wọ́n ṣì fọkàn tán jù. Ṣé ó ní ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé egbò ń ṣọyún? Ṣé ó ń mu sìgá?

Ìyá Ìbejì: Kò ní ṣúgà, egbò ti jiná. Ìbàdí kẹ̀? Kí wọ́n tún gé e níbòmíràn? Ẹ ò mọ bó ṣe ké nígbà àkọ́kọ́.

Màmá Káfáyá: Ẹ ní sùúrù, ẹ gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì Tólá: Ẹ ò tíì dáhùn ti sìgá.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀pá mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́, ṣé ìyẹn náà ni mímu? Ìrònú ló fà á. Èmi gan-an ni mò ń bá a rà á, kó má baà kanra mọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Tólá: Háà! Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ o. Ẹ fẹ́ fowó ńlá pe iṣan wá, kí èéfín máa lé e lọ? Ṣé dókítà mọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ó béèrè. A ní ó ti jáwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan yẹn ní pọ́ọ́kú?