Àáké òkúta àwọn Hohokam: ṣé kí n rà á?

Ará Tucson
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ níléèwé nípa àwọn Hohokam, tí wọ́n la ipa omi láti odò dé oko wọn ní gúúsù Arizona títí di nǹkan bí ọdún 1450. Lánàá, ọkùnrin kan fi àáké òkúta kan lọ̀ mí lọ́jà, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ó ti rí i. Ṣé kí n rà á fún ọmọ? Bí kò bá bójú mu, níbo ni kí n mú ọmọ náà lọ?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ owó. Ojú ìdè, ibi tí wọ́n ti ń so òkúta mọ́ èèkù, ni a fi ń mọ àáké Hohokam: wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, kí wọ́n lè ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín òkúta náà àti èèkù tí wọ́n tẹ̀ yí i ká, kí ó lè há gírígírí. Òkúta líle bíi diorite ni wọ́n ń fi òkúta mìíràn gún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ àáké, kí wọ́n tó fi omi àti iyanrìn lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán tí ẹnu rẹ̀ yóò sì mú. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá kú, wọn a tún un pọ́n, ìdí nìyí tí àwọn kan fi kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òde òní lè ṣe gbogbo èyí, nítorí náà ìrísí nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ìyá Ìbejì, Phoenix
Ẹ má rà á rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú ohun bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba tàbí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ, kò sì gbà kí a tà á. Àwọn O'odham, ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣì wà ní Arizona, ka àwọn Hohokam sí baba ńlá wọn. Nílé, tí a bá rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú oko, ẹdùn àrá ni a ń pè é, ojúbọ Ṣàǹgó ni à ń gbé e lọ. Inú wa kò ní dùn kí àlejò máa tà á lójú pópó.

Ẹ mú ọmọ lọ sí Casa Grande, àwókù ilé ńlá tí àwọn Hohokam kọ́, ní Coolidge. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi ni wọ́n gbé wá láti ibi tí ó jìnnà tó nǹkan bí 60 máìlì láti fi kọ́ ilé ńlá ibẹ̀, wọn kò sì ní irin kankan tí wọ́n lè fi gé wọn.

Ará Tucson
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti dá ọkùnrin náà lóhùn pé n kò rà mọ́. Coolidge ni a ń lọ ní Sátidé.

Ìyá Ìbejì, Phoenix
Ẹ tètè jí, kí oòrùn tó mú. A kì í wọ inú ilé náà, ṣùgbọ́n láti ìta, ẹ ní kí ọmọ wo ihò tí orí àwọn igi àjà wọ̀ lára ògiri.