Orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tó ń já ni láyà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ fíìmù. Kubwa, l'Ábùjá, ni èmi àti àbúrò mi ti ń ṣe fíìmù kékeré kan: awakọ̀ gbé èrò láti Kaduna, èrò kan pòórá lọ́nà. Ibi tí orúkọ òṣèré ti ń jáde ló há sí wa lọ́wọ́.

Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ tí Kyle Cooper, ayàwòrán orúkọ fíìmù, ṣe fún Se7en (1995), fíìmù nípa apànìyàn kan: abẹ tó ń fá awọ orí ìka, abẹ́rẹ́ tó ń rán ìwé, lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ ha. A ò rí ojú apànìyàn, síbẹ̀ a ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn!

Àwa náà ya tẹ̀sùbáà tó ń mì lábẹ́ díńgí ọkọ̀, eruku pupa, ọwọ́ tó ń ka owó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ orúkọ lé e, ojú kì í mọ èyí tí yóò wò. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló yẹ kí orúkọ kan lò? Bàbá kan ní Suleja fẹ́ ta gòjé sí i fún wa: ṣé ká kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀, ká wá gé àwòrán tẹ̀lé e? Àbúrò mi ní àwòrán ló ṣíwájú. Ọkàn mi ò gbà.