Oṣù kejì 2023: báwo lẹ ṣe rí oúnjẹ jẹ?

Ọmọ Pákátà: Nígbà tí wọ́n ní ká kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ padà sí báńkì, tí tuntun ò sì sí níta, kí lojú yín rí? Èmi ní ₦40,000 nínú àkáǹtì, gàrí ni mo mu fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko.

Ìyá Alátà: Ọjà Ìpátà, tòmátì mi rà lójú mi. Oníbàárà kan ní òun á fi owó ránṣẹ́, mi ò ní àkáǹtì, mo ní kó fi sí tọmọ mi. Ọjọ́ kẹta ni alẹ́ẹ̀tì dé. Ọmọ ti ná an kí n tó gbọ́.

Ọmọ Ọ̀fà: Oní-POS àdúgbò wa gba ₦2,000 lórí ₦10,000. Olè!

POS Táńkẹ̀: Ta lolè? Ilé epo lèmi náà ti ń ra owó yẹn, ₦1,500 lórí ₦10,000. Ṣé kí n wá fi ṣe sàárà ni?

Gánmọ̀ Bọ̀ì: ₦2,000 kẹ̀? Ẹ rí ṣe. ₦3,000 ni tiwa.

Àbíkẹ́: Alájọ ìyá mi ló pa mí lẹ́rìn-ín. Oṣù kìíní, kò tíì tó àsìkò tó máa ń kówó, ló bá sáré kó ti gbogbo èèyàn wá sílé. Màmá ń ṣàdúrà fún un. ₦1,000 àtijọ́ ni gbogbo ẹ̀!

Ọmọ Ọ̀fà: Háà! Ó ti dẹrù ẹ̀ lé yín lórí.

Ìyá Alátà: Ṣé kì í ṣe alájọ tiwa náà nìyẹn?

POS Táńkẹ̀: Owó yín náà ló kó fún yín. Kí ló jí níbẹ̀?

Àbíkẹ́: Ẹ wá tò fún wa ní báńkì nígbà yẹn.

Ọmọ Pákátà: Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ká máa ná àtijọ́ lọ títí dópin ọdún. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni. Lọ́jọ́ kejì mo fún ọlọ́kadà ní ₦500, ó ní kí n lọ ná an fún adájọ́.

Ará Àjàsẹ́: Gbáàgúdá la fi gba wàrà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní.

Ọmọ Pákátà: Wàrà Àjàsẹ́ tó jẹ́ omi lásán?

Ọmọ Ọ̀fà: Àbíkẹ́, alájọ yẹn ńkọ́?

Àbíkẹ́: Ọwọ́ ẹ̀ náà ni Màmá ṣì ń dá a sí. Wọ́n ní báńkì ò mọlé àwọn.

Ará Àjàsẹ́: Ẹ dúró ná. Ta ló ní omi ni?