Ìbéèrè mi lórí V-boot bàbá mi: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí n ta Mercedes-Benz W124, ọkọ̀ tí a ń pè ní V-boot, tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, nítorí pé ó máa ń gbóná jù nígbàkigbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú mi ní òpópónà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́. N kò tà á mọ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n àgbà kan tó mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa ṣàlàyé pé, níwọ̀n ìgbà tí kì í gbóná lójú ọ̀nà tó já gaara, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ohun tó ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló ti kú. A pààrọ̀ rẹ̀, wàhálà sì tán.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wà á lọ sí Ìdànrè nínú òjò. Bí ó ṣe ń gba inú kòtò kọjá láìgbọn ẹni tó jókòó, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ń pa dé pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo tó wúwo, àti wáípà rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń na ara jáde kí ó lè nu igun gíláàsì lókè, kò jọ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Jámánì ní ọdún 1984. Lóòótọ́, ó ń mu epo (ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́).

Kí àwọn tó ti dá iye lé e má ṣe bínú sí mi.