Rákẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín ni ọwọ́ mi gbọ́ èdè rẹ̀

Ọmọ Àfọ̀njá, Ìlọrin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹnì kan béèrè lánàá pé kí ló dé tí àwa kan ò fi lè jọ̀wọ́ rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì àtijọ́ tí fírẹ́mù rẹ̀ tín-ín-rín, nígbà tí àwọn tó nípọn, tó ń ta bọ́ọ̀lù bí ìbọn, wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ni mí nígbà kan, ní kóòtù kan ní GRA n'Ílọrin níbí. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìntì ló máa ń gbá tẹníìsì níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, títí ládàánì á fi pèrun Mọgíríbì. Bàbá Àlàájì kan wà láàárín wọn tó jẹ́ rákẹ́ẹ̀tì Wilson Pro Staff ni tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 85 nítorí ìwọ̀n ojú rẹ̀ tí okùn wà, íńṣì onígun mẹ́rin 85, irú èyí tí Pete Sampras, gbajúmọ̀ agbátẹníìsì ará Amẹ́ríkà, fi gba ìdíje Wimbledon lẹ́ẹ̀meje. Èmi ni mo máa ń nu eruku ara rẹ̀ lẹ́yìn eré. Tí mo bá dà á délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, fírẹ́mù rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ mi kan lọ, mìlímítà 17. Ṣùgbọ́n ó wúwo! Bí Bàbá bá sì jẹ́ kí n gbá díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Má lù ú. Ju apá rẹ, kóo jẹ́ kó lọ."

Nígbà tí owó kékeré wọlé, mo ra tèmi. Tòkúnbọ̀ ni, ó fúyẹ́, ó ń dán, ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ tó mìlímítà 26. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sáàfù mi, bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, ń dún gbàù! Inú mi dùn dénú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bọ́ọ̀lù tí mo bá ní kó balẹ̀ lẹ́bàá ìlà, ìta ló ń balẹ̀ sí. Oṣù kẹta ni, ẹ sì mọ oòrùn Ìlọrin. Sìmẹ́ǹtì kóòtù gbóná débi pé ó ń jó wa látìsàlẹ̀ bàtà. Bí ooru bá mú bọ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa tì í, á máa ta ju bó ṣe yẹ lọ. Rákẹ́ẹ̀tì mi wá ń fi tiẹ̀ kún un. Mo yọ bọ́ọ̀lù nínú gọ́tà títí ó fi sú mi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Bọ́ọ̀lù kan ẹ̀gbẹ́ ni o, ó kan àárín ni o, bákan náà ló ń rí. Tó bá jẹ́ ti Bàbá Àlàájì ni, tí bọ́ọ̀lù bá yẹ̀ díẹ̀ lójú okùn, ọwọ́ mi á ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i: rákẹ́ẹ̀tì á yí díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, gíríìpù á gbọ̀n rìrì. Bó bá kan àárín gan-an, jẹ́jẹ́ báyìí ni, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé wàrà lé èèyàn látẹ́lẹwọ́.

Kò pẹ́ tí ìgbọ̀nwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó dé ibi pé gbígbé bútà àlùwàlá di iṣẹ́ ọwọ́ òsì.

Ẹni tó ń bá wa ta okùn rákẹ́ẹ̀tì ló là á yé mi. Ilé aláṣọ òfì ni wọ́n bí i sí. Ẹ wo bó ṣe ń ki okùn ìbú bọ àárín okùn òró, tó ń gba òkè, tó ń gba abẹ́, tó ń fi ìka tò ó kó má wọ́, ẹ ó mọ̀ pé ó ti jókòó ti òfì rí. Ó ní fírẹ́mù tó nípọn a máa le, kì í fẹ́ẹ́ tẹ̀, nítorí náà agbára tí bọ́ọ̀lù gbé wá, ó ń dá púpọ̀ rẹ̀ padà fún un. Tín-ín-rín ní tiẹ̀ a máa tẹ̀ díẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í sì í pẹ́ lórí okùn: ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, bí 5 péré nínú rẹ̀ ni. Kí fírẹ́mù tó tẹ̀ tán kó tún nà padà, bọ́ọ̀lù ti lọ. Agbára tó bá kù, apá ẹni ni yóò mú un wá, ibi tí apá bá sì darí rẹ̀ sí ló ń lọ.

Ọdún tí orúnkún Bàbá Àlàájì ò gbà wọ́n láyè mọ́, wọ́n fa tiwọn lé mi lọ́wọ́. Òun ni mò ń lò títí dòní. Ìrora ìgbọ̀nwọ́ náà sì ti fi mí sílẹ̀, Alihamudulilai.

Ìyá Ọ̀fà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ ra tín-ín-rín fún ọmọ ọdún mẹ́wàá o! Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ọ̀fà. Ìjàkadì lorò tiwa, ọmọ wa kì í ṣọ̀lẹ, síbẹ̀ ẹ gbé rákẹ́ẹ̀tì gíráàmù 350 lé ọmọ lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù á ti kọjá kó tó gbé e dé iwájú.

Èmi náà yá ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lò rí. Séètì àkọ́kọ́, mo ń gbé bakihándì, bọ́ọ̀lù tí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá, síbi tó wù mí. Séètì kejì, apá mi rẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀lù ń kú sínú àwọ̀n. Agbedeméjì ni mo wà báyìí, mìlímítà 21 bíi ti Wilson Blade. Roger Federer, gbajúmọ̀ agbátẹníìsì ará Switzerland, pàápàá fi rákẹ́ẹ̀tì ojú 90 sílẹ̀, ó bọ́ sí 97 ní 2014, ó sì tún gba Wimbledon ní 2017.

Ará Ọmù-Àrán

Owó rákẹ́ẹ̀tì méjì ò sí lọ́wọ́ mi. Nípọn ni tèmi. Mo ní kí wọ́n fa okùn rẹ̀ le láti pọ́n-ùn 50 dé 56 (pọ́n-ùn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fa okùn ni), ìta tó ń lọ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ibo lèèyàn ti lè dán tín-ín-rín wò kó tó náwó?

Ọmọ Àfọ̀njá, Ìlọrin

Ìyá Ọ̀fà, òótọ́ lẹ sọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Mi ò sọ ti àwọn ọmọdé, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Ará Ọmù-Àrán, ẹ ní kí wọ́n dá okùn yẹn padà sí 50 ná, nítorí ọwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá máa ra tòkúnbọ̀ tín-ín-rín, ẹ fi èékánná tọ ara rẹ̀ láti orí dé ọrùn, pàápàá lókè níbi tó máa ń ha ilẹ̀. Ọ̀dà lè bo ibi tó ti sán. Ẹ wo ike ihò okùn dáadáa, torí ti àwọn àtijọ́ ṣòro rí rà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rà, ẹ wá n'Ílọrin ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ fi tèmi gbá wákàtí kan. Ẹ dúró lẹ́bàá àwọ̀n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá fólì nìkan, ìyẹn kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù kó tó balẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń tètè mọ̀ ọ́n.