Ọkọ mẹ́ta ti kọjá, ẹnìkan tún ti dé: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Aláṣọ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà, mo ti pé ọdún 54. Ilé ọkọ mẹ́ta ni mo ti jáde. Ti àkọ́kọ́, ní 1994, a ṣe é ní kóòtù, a tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. 2003 la pínyà, olúwarẹ̀ sì kó lọ sí Port Harcourt. Ti ìkejì, ìdána ni wọ́n ṣe, kò pé ọdún méje tó fi túká. Ti ìkẹta, a kàn kó ẹrù jọ ni. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí a lọ tú ká níwájú adájọ́.

Ẹnìkan ti wà báyìí, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Oǹdó ló ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ ọdún 62. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ọmọ mẹ́rin ló bí fún un, gbogbo wọn ti dàgbà. Ó ní kí a lọ ṣe kóòtù kó tó di Kérésì. Àwọn ọmọ tèmi ní ojú ń ti àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn.

Màmá Arákalẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ìbéèrè kan péré: ìwé ìgbéyàwó ti 1994 yẹn, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?

Lọ́yà Alágbàkà
Ohun tí Màmá Arákalẹ̀ béèrè yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, pípínyà kì í tú u. Ẹ lè fi ogún ọdún má fojú kan ara yín, ìyàwó rẹ̀ lẹ ṣì jẹ́ lójú òfin. Ẹ mú ìwé náà jáde kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí “Form E” àti “Marriage Act” lára rẹ̀, àfi kí Kóòtù Gíga tú u. Bó bá jẹ́ ìwé ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni, tí kò sí ti ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bó bá ti sọnù ńkọ́? Ẹ padà síbi tí wọ́n ti so yín pọ̀, kí wọ́n yọ ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ fún yín. Ẹ mú déètì àti orúkọ ẹ̀yin méjèèjì dání o, torí ìwé ńlá ni wọ́n máa ṣí wò. Ẹni tí kò bá mọ déètì, ilẹ̀ á ṣú u síbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí: níwọ̀n ìgbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì túká, ìdána ti ìkejì yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin látìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí yín dá owó orí padà, kí wọ́n gba ìwé tí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìnáwó pé ìyàwó òun ni. Ti ìkẹta, ẹrù lásán ni, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tú níbẹ̀.

Títú ti 1994 wá kù. Òfin tó wà fún un, 1970 ni wọ́n ṣe é, ìdí kan ṣoṣo ló sì gbà, pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ẹ bá ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ẹ tó pẹjọ́, ìyẹn ti tó ẹ̀rí. Bí òun náà bá gbà sí i, ọdún méjì tó. Ẹ ti kọjá méjèèjì tipẹ́. Ẹ ò sì níí rìnrìn àjò lọ sí Port Harcourt, Kóòtù Gíga tó wà l'Ákúrẹ́ níbí lágbára láti gbọ́ ọ. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni àdírẹ́sì. Ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ tẹ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Bí àdírẹ́sì ò bá péye, ìwé á lọ, á padà, ẹjọ́ ò ní tíì bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá wá rí i rárá, lọ́yà yín á tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé tó gbé kẹ́yìn tàbí kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá sì ní òun tú yín ká, ẹ má tíì jó. Decree nisi nìyẹn, oṣù mẹ́ta ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀ kó tó di decree absolute, èyí kejì yìí ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín níbi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó. Ìgbà yẹn lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Form A, ìyẹn ìwé ìkéde pé ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, sílẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, bóyá ẹnìkan á takò ó. Ìgbéyàwó sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà náà á mú ìwé ẹ̀rí ikú ìyàwó rẹ̀ wá. Ẹ fọwọ́ ṣírò rẹ̀ wò: kì í ṣe Kérésì yìí. Ẹni tó bá sì lọ ṣe òmíràn nígbà tí ti kóòtù ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni òfin ìwà ọ̀daràn kọ sílẹ̀ dè é.

Bàbá Òkè-Àró
Lọ́yà ti sọ ti ìwé. Èmi fẹ́ sọ ti ọkùnrin yẹn, àti tẹ̀yin fúnra yín, ẹ má bínú.

Ẹ mú bébà kan, ẹ fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta, ọkọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìlà tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: oṣù mélòó la fi mọ ara wa kí a tó kó jọ? Ta ló ń san owó ilé? Ìjà àkọ́kọ́ tó gbóná, kí ló dá a sílẹ̀? Ọjọ́ wo ni ọkàn mi ti sọ fún mi pé eléyìí ò ní dáa, kí ló sì dá mi dúró? Ẹ wá kà á ní ìbú, ẹ má kà á ní òró. Ìdáhùn tó bá bára mu lójú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yin lẹ gbé ìyẹn wọ ilé, kì í ṣe àwọn ọkọ. Bó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ fi ń kó ẹrù, kánjúkánjú ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé bùkátà ilé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí tíṣà náà san nǹkan kan kí a rí bí ojú rẹ̀ á ṣe rí.

Ti tíṣà: ẹ yé lọ sí Oǹdó ní Sátidé. Ní Sátidé, ó ti gbálẹ̀, ó ti wọ aṣọ mímọ́, ó ti ra àsun dè yín. Ẹ lọ ní Túsìdeè láàárọ̀. Ẹ wọ ilé ìdáná. Bí ẹ bá rí abọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí kò tíì fọ̀, tí odó sì ti là nítorí àìlò, ẹ béèrè ohun tó ń jẹ láti ọdún mẹ́rin yìí. Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò gúnyán fún òun wà, ẹni tó ń wá ẹni tí àwọn á jọ máa sọ̀rọ̀ lálẹ́ wà. Méjèèjì ló ń sọ pé òun ń wá ìfẹ́. Ẹ tún bi í: “Kí ni ìyàwó yín máa ń bá yín jà lé lórí?” Bó bá dárúkọ nǹkan kan, tó sì fi ẹ̀bi díẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ènìyàn gidi ni. Bó bá ní àwọn ò jà rí, ẹ tún un bi lóṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀lọ̀
Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì jọ gba èsì. “Èmi ti ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá” kì í ṣe èsì. HIV, jẹdọ̀jẹdọ̀ (hepatitis) B àti C, àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù. Ti HIV, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí àyẹ̀wò òní lè má rí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí ẹ kò bá ní jẹdọ̀jẹdọ̀ B, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ mẹ́ta ni: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Genotype, ẹ fi í sílẹ̀ bí ọmọ bíbí ò bá sí nínú ètò yín.

Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró fún odidi ọdún kan ní ọjọ́ orí yín yìí, ọ̀rọ̀ oyún ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kó tó pé bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ṣeré.

Ojú ara tó ń gbẹ, tó ń dunni, èròjà ara obìnrin ló ń dínkù, kì í ṣe ọkọ ọ̀run. Gẹ́ẹ̀lì olómi wà ní kẹ́míìsì fún un. Ẹ má fi Vaseline tàbí òróró dípò, ó máa ń ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́ títí yóò fi ya. Ní ti bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kó bá okun ọkùnrin, nítorí náà bí ara rẹ̀ ò bá dáhùn, kì í ṣe pé kò fẹ́ yín. Kí ó má kàn ra oògùn agbára lójú pópó. Ẹni tó bá ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń pè ní nitrate, tó wá da oògùn yẹn pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú.

Ìyá Ọjà Ọba
Gbogbo yín sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ilé.

Ilé Oǹdó yẹn, ta ló bá a kọ́ ọ? Bó bá jẹ́ pé òun àti ìyàwó tó kú ni wọ́n jọ ru búlọ́ọ̀kù, ilé ìyá wọn ni lójú àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn. Lábẹ́ àṣà wa, aya kì í jogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún. Ọjọ́ tí bàbá bá dákẹ́, kí ni ẹ ó máa bá wọn fà? Ẹ má ta nǹkan kan l'Ákúrẹ́, ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọ̀nà Oǹdó kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ẹ lè máa lọ máa bọ̀ fún ọdún kan, tàbí kí ẹ jọ háyà ilé kékeré tí kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni lára ògiri rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti kọ ìwé ìhágún tẹ́lẹ̀, ìgbéyàwó kóòtù tuntun máa pa á rẹ́. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ṣe é gan-an ni kí ẹ tún kọ tuntun.

Àwọn ọmọ yín tí ojú ń tì, mi ò rò pé ìtìjú ni. “Ṣé ọkùnrin yìí ò ní gba ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì?” ni wọ́n fẹ́ bi yín, ẹnu ni ò gbà á. Ẹ pè wọ́n jókòó, ẹ sọ ohun mẹ́ta: ibi tí ẹ ó máa gbé, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, àti ẹni tí yóò san owó ọsibítù bí ara yín ò bá yá. Ẹ má béèrè àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì fi tipátipá mú wọn pe ẹnikẹ́ni ní Dádì. Ní ti ọmọ tiẹ̀, ọmọbìnrin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, òun nìkan, kí ẹ sì gbé nǹkan jíjẹ dání.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Mo rí ìwé náà nísàlẹ̀ àpótí, “Form E” wà lójú rẹ̀ gàdàgbà. Mo rí nọ́ńbà bàbá Port Harcourt gbà, ó ní òun ò bá mi ṣẹjọ́, òun á kọ lẹ́tà pé òun ti yọ̀ǹda mi. Ṣé lẹ́tà yẹn tó? Èkejì, tíṣà mi ní kí a ṣe ìdána ná ní Kérésì, kí ti kóòtù máa bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́yà Alágbàkà
Lẹ́tà kì í tú ìgbéyàwó, adájọ́ ló ń tú u, ẹ̀yin náà á sì dúró rojọ́ níwájú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ta kò yín. Ṣùgbọ́n ẹ gba lẹ́tà náà, kí ó kọ àdírẹ́sì ilé tó ń gbé báyìí àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Ìyẹn gan-an la nílò.

Ìdána ní Kérésì? Rárá. Ìdána lórí ìgbéyàwó kóòtù tí kò tíì túká, asán ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì tún ni lójú òfin. Ohun tí ẹ lè ṣe ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́: ẹbí méjèèjì á jókòó, wọ́n á jẹun, wọ́n á mọ orúkọ ara wọn. Kò sí owó orí, kò sí ẹrù ìyàwó, kò sí alága ìdúró.

Ìyá Ọjà Ọba
Kò sì gbọdọ̀ sí aṣọ ẹbí.

Ìyá Aláṣọ
Ha! Èmi tí mò ń tà á? 😂 Ó dáa. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń lọ rí lọ́yà.