Node kẹrin fún bákọ́ọ̀pù wa ní Ṣómólú: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó

Àbúrò Dublin

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ sì kú òtútù. Ọ̀rọ̀ sẹ́fà (server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) ni mo gbé wá, òun náà ni mo pè ní node lókè yẹn. Àwọn onítẹ̀wé márùn-ún kan ní Ṣómólú, tí ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn, da owó jọ bí ẹni dá àjọ, wọ́n ní kí n bá wọn ṣe ibi tí wọ́n á máa tọ́jú iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí: káléńdà, pósítà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ceph ni mo lò, ètò tó ń so sẹ́fà púpọ̀ pọ̀ di ibi ìtọ́jú fáìlì kan ṣoṣo. Sẹ́fà mẹ́ta ni, dísìkì 8 TB mẹ́rin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo fáìlì sì ní ẹ̀dà mẹ́ta. Àyè tí à ń rí lò jẹ́ 32 TB, iṣẹ́ sì ti gba 24 TB níbẹ̀. Mo ti ra sẹ́fà kẹrin níbí, irú kan náà pẹ̀lú àwọn ti tẹ́lẹ̀. Tó bá dé Èkó, ṣé kí ọmọ tó ń bá wa mójú tó o kàn so ó mọ́ àwọn yòókù, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ? Mi ò ní lè wálé kó tó di Kérésì.

Ẹ̀gbọ́n Manchester

Àbúrò, o kú àníyàn. Inú mi dùn pé o bèèrè kó o tó so ó. Èmi náà ti fi node kún cluster (àkójọ sẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan) iléeṣẹ́ kan ní Yaba rí, irọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo so ó, mo sì lọ sùn. Ìpè ló jí mi lówùúrọ̀ Sátidé. Màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé sẹ́fà tuntun kì í bá àwọn ti tẹ́lẹ̀ gbé ẹrù lọ́jọ́ tó dé. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń kó bá wọn. Ceph kò ní ìwé kan tó kọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà sí. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní CRUSH ló fi ń mọ̀ ọ́n, àwòrán cluster ló sì fi ń ṣe ìṣirò náà. Bí o bá ti fi sẹ́fà kan kún àwòrán, ìdáhùn ìṣirò yí padà, dátà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó kúrò níbi tó wà lọ síbi tí ìdáhùn tuntun ní kó wà. Àwọn sẹ́fà mẹ́ta tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé lọ́sàn-án ni yóò tún máa ka dátà ránṣẹ́ sí ìkẹrin.

Jẹ́ ká fi tìrẹ ṣe é. 24 TB lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 72 TB lórí dísìkì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kó lọ sórí ẹni tuntun, ìyẹn 18 TB. Bó bá jẹ́ switch gigabit (àpótí tó so wáyà àwọn sẹ́fà pọ̀) kan lẹ ní, 125 MB ló lè gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí 40 sì ni, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn onítẹ̀wé yóò fọwọ́ kàn án. Fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ́kàn. Ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé iná á dúró fún ọjọ́ mẹ́rin ní Ṣómólú?

Èyí ló dé bá mi ní Yaba. Wọ́n múná lọ ní òru, jẹnẹrétọ̀ ò tètè gbà, bátìrì inverter sì gbé sẹ́fà méjì, ó já ìyókù sílẹ̀. Nǹkan tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé: Ceph máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 10 péré. Bí dísìkì kan bá ti kú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gbà pé ó ti lọ nìyẹn, yóò sì máa da ẹ̀dà tuntun kọ sórí àwọn tó kù. Nígbà tí o ní sẹ́fà mẹ́ta tí ẹ̀dà sì jẹ́ mẹ́ta, o ò ní rí i, torí kò sí sẹ́fà mìíràn tí yóò kó o lọ. Ọjọ́ tí o bá ní mẹ́rin ni ìwà yìí bẹ̀rẹ̀. Iná á lọ fún ìṣẹ́jú 20, cluster á bẹ̀rẹ̀ ìkólọ. Iná á dé, á tún bẹ̀rẹ̀ ìkópadà. Dísìkì kò sinmi títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọlọ́run ló yọ wá tí kò sí ọ̀kan tó kú pátápátá.

Nítorí náà, kí sẹ́fà kẹrin tó wọlé, gbé mon_osd_down_out_interval (iye ìṣẹ́jú àáyá tí Ceph fi ń dúró yẹn) kúrò ní 600, gbé e sí 3600. Wákàtí kan tó fún ẹni tó wà nílé láti lọ wo ohun tó ṣe jẹnẹrétọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ pa sẹ́fà kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe ceph osd set noout, kí Ceph má bàa gbà pé dísìkì rẹ̀ ti lọ, kẹ́ ẹ sì rántí yọ ọ́ kúrò nígbà tẹ́ ẹ bá parí.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀gbọ́n Manchester, ẹ ṣeun, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ lẹ sọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹrù kún un, torí èmi ti kó sẹ́fà mẹ́ta ránṣẹ́ sílé rí.

Àbúrò, yọ àwọn dísìkì kúrò nínú sẹ́fà kó o tó dì í. Má jẹ́ kí wọ́n wà nínú rẹ̀ wọ kọ́ńtínà, gbígbọ̀n ọ̀nà Àpápá nìkan tó ba dísìkì jẹ́. Fi fóòmù dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tó ń bọ̀ wálé kó gbé wọn lọ́wọ́. Kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti jáde sí i lára. Sẹ́fà 2U (irú tó fẹjú, tó sì pẹlẹbẹ) tó ní dísìkì nínú sábà máa ń ju kílò 23 tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú fàyè gbà fún àpò kan lọ, torí náà yíyọ wọn yóò ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ náà. Bátìrì UPS ni kó o má fi há àpótí rárá, ra ìyẹn nílé.

Ìwọ tó wà ní Dublin, orí wáyà tìrẹ bá ti ilé mu, oníhò mẹ́ta náà ni. Àwa tó wà ní Amẹ́ríkà ló yẹ kó ṣọ́ra. Sẹ́fà fúnra rẹ̀ á gba 230 V ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wo ara power supply rẹ̀ kó o rí 100–240. Àmọ́ ẹ̀rọ oníhò púpọ̀ tí a rà níbí tí wọ́n kọ 120 V sí lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti rí i tó jó lójú mi ní Ìkẹjà, èéfín gba yàrá.

Ọmọ Ẹ̀bùté-Mẹ́tta (ilé ni mo wà)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná, torí níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n kùnà.

Ẹ ní sẹ́fà mẹ́ta, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 300 W, 900 W nìyẹn. Bí bátìrì bá jẹ́ 200 Ah 12 V mẹ́rin, ohun tó wà nínú wọn jẹ́ 9.6 kWh, ṣùgbọ́n irú olómi, ìdajì ni kí ẹ lò kó má bàa tètè kú. 4.8 kWh lórí 900 W máa gbé yín fún bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ fi ìkẹrin kún un, ó di 1,200 W, wákàtí mẹ́rin ló kù, láìka ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Àsìkò tí dísìkì bá sì ń kó dátà ni wọ́n ń jẹ iná jù. Àwọn tó wà lórí Band A ní wọ́n máa fún wọn ní wákàtí 20 lójúmọ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin tó kù lè bọ́ sẹ́yìn ara wọn. Ẹ má fi ẹ̀rọ amúlétutù sórí inverter kan náà, síbẹ̀ ẹ má pa á nígbà ìkólọ, torí 1,200 W tí wọ́n ń jẹ, ooru ló ń dà padà sínú yàrá.

Ẹ fi ètò NUT sí i kí UPS lè máa bá sẹ́fà sọ̀rọ̀. Bí bátìrì bá ti ń tán, kí gbogbo wọn pa ara wọn létòlétò. Kí iná já lójijì lórí dísìkì tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ìyẹn la ò fẹ́.

Ọ̀kan tún kù: sẹ́fà àlòkù yín, ẹ yí bátìrì kékeré bí owó ẹyọ tó wà nínú rẹ̀, CR2032. Tó bá ti kú, ìgbàkígbà tí iná bá lọ ni aago máa padà sí ọdún àtijọ́, àwọn monitor Ceph (ètò tó ń ṣọ́ ipò cluster) kò sì fẹ́ kí aago wọn yàtọ̀ síra ju 0.05 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Owó bátìrì yẹn kò tó nǹkan ní Computer Village.

Àbúrò Dublin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rí ibi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Manchester, tí ìkẹrin bá ti wọlé tán, ṣé 42 TB la ní láti lò nìyẹn? Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn onítẹ̀wé, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ kó gbogbo fídíò rẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n Manchester

Bẹ̀ ẹ́ kó sinmi ná. Lórí ìwé, 128 TB pín sí mẹ́ta jẹ́ 42. Ṣùgbọ́n wò ó báyìí: lónìí tó o ní mẹ́ta, bí ọ̀kan bá kú, ẹ̀dà á ku méjì títí wàá fi rí òmíràn rà. Iṣẹ́ á máa lọ, àmọ́ ìwòsàn kò sí. Pẹ̀lú mẹ́rin, ọ̀kan lè kú kí mẹ́ta tó kù fúnra wọn tún ẹ̀dà kẹta ṣe, ìyẹn bí àyè bá wà lára wọn. Mẹ́ta gba 32 TB, bẹ́ẹ̀ Ceph á ti máa kígbe ní 85%. Ní 90% kò ní gbà kí a kó dátà wá sórí dísìkì náà mọ́, ní 95% kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan kan. 85% nínú 32 jẹ́ 27. Ohun tí o ní ní tòótọ́, tí o bá fẹ́ kó lè wo ara rẹ̀ sàn, jẹ́ 27 TB.

Ìwòsàn ni node kẹrin rà fún yín, kì í ṣe àyè. Node karùn-ún ló máa mú àyè wá, á gbé e dé bíi 36 TB. Sọ ọ́ fún wọn báyìí kí wọ́n tún dá owó, má dúró di ìgbà tó bá kún. Kí aṣọ tó bá Ọmọ́yẹ, Ọmọ́yẹ ti rìnhòhò wọjà. Má sì ra dísìkì 16 TB sínú ẹni tuntun nítorí pé ó pọ̀ níbẹ̀: iṣẹ́ á rọ́ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí òun bá sì kú, àwọn kéékèèké kò ní lè gba ẹrù rẹ̀.

Bí màá ṣe so ó tó bá jẹ́ tèmi nìyí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ọmọ náà tan sẹ́fà náà nìkan, kó má so ó mọ́ cluster, kó máa ka àwọn dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí èyí tó fẹ́ kú kú níta. Bó o bá lo cephadm (ètò tó ń fi Ceph sórí sẹ́fà), rántí bóyá o ti fi --all-available-devices, àṣẹ pé kó gba gbogbo dísìkì tó ṣófo, sílẹ̀ rí. Bó bá wà níbẹ̀, bí sẹ́fà náà bá ṣe ń wọlé ló máa gbé dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ ọ́ di unmanaged, kó má máa ṣe é fúnra rẹ̀. Fi osd_crush_initial_weight sí 0, kí dísìkì wọlé láìgba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, gbé ìwọ̀n dísìkì kan (nọ́ńbà tó ń sọ bí dátà tó máa gbà ṣe pọ̀ tó) sókè, 2, 4, títí á fi dé 7.27 tó jẹ́ ti 8 TB, dúró kí ceph -s sọ pé ara le, kó o tó fọwọ́ kan èkejì. Àwọn kan sọ pé kéèyàn gbé gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan yá jù, pé díẹ̀díẹ̀ ń mú kí dátà kan rin lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, níbi tí iná kì í lọ. Ní Ṣómólú, mo fẹ́ kó o lè dúró níbikíbi tí iná bá ti já. Fi osd_mclock_profile sí high_client_ops lọ́sàn-án kí iṣẹ́ àwọn onítẹ̀wé má falẹ̀.

Monitor mẹ́ta tó o ní ti tó. Mẹ́rin kò fi nǹkan kan kún un, torí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láyè nínú wọn kí wọ́n tó lè fẹnu kò, ọ̀kan ṣoṣo náà ni o lè pàdánù.

Má gbàgbé switch. Bí cluster bá wà lórí MTU 9000 (bí ìdì dátà kan ṣe lè tóbi tó lórí wáyà), kí gbogbo ihò gba 9000. Ping kékeré á kọjá, wàá rò pé ó dára, dátà gidi á há. Fi ping -M do -s 8972 dán an wò láàárín sẹ́fà tuntun àti mẹ́ta tó kù kó o tó ṣe ohunkóhun.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀dà mẹ́ta nínú yàrá kan kọ́ ni bákọ́ọ̀pù o. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá pa fáìlì rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ nìyẹn. Níbo ni èyí tó wà níta wà?

Àbúrò Dublin

Mà, òótọ́ lẹ sọ, kò sí. Ọ̀kan nínú wọn ní ọ́fíìsì ní Broad Street. Mo ń rò ó kí a máa gbé dísìkì kan kọjá Third Mainland Bridge lóṣooṣù.

Ọmọ Ẹ̀bùté-Mẹ́tta (ilé ni mo wà)

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kó o sì kọ́ ọmọ tó wà níbẹ̀ dáadáa kó lè ṣe é láìsí ìwọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 tí wáyà abẹ́ òkun gé lẹ́bàá Àbíjáànì, SAT-3, WACS, MainOne àti ACE, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé láti òkè òkun ò rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Ẹni tó wà nínú yàrá náà ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Àbúrò Dublin

Mo ti pè é lónìí. Lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di pé sẹ́fà gúnlẹ̀ rárá, á yan káléńdà oníbàárà kan ti ọdún tó kọjá, á mú un jáde látinú cluster, á tẹ ojú ìwé kan nínú rẹ̀ ká wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn á yí bátìrì CR2032 sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ́lẹ̀. Màá padà wá sọ ohun tá a bá rí.